Iṣẹ́ Aṣògbufọ̀ àti Adùn Ìwé Ìtàn-Àròsọ Ilẹ̀ Rọ́ṣíà

Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gbé War and Peace tàbí The Brothers Karamazov, kí ó kà á dé ojú-ewé 40, kí ó sì dá a padà síbi tí ó ti mú un. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní ìwé náà ti le jù, tàbí pé òǹkọ̀wé rẹ̀ kò mọ ìtàn sọ. Yorùbá sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èdè Rọ́ṣíà ni Leo Tolstoy àti Fyodor Dostoevsky fi kọ ìwé wọn. Gbogbo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kà, ẹlòmíràn ni ó yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni náà sì ni aṣògbufọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohùn aṣògbufọ̀ ni ó sú akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí kò sì jẹ́ ohùn òǹkọ̀wé rárá.

Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ọ̀nà tí iṣẹ́ aṣògbufọ̀ fi ń fi kún adùn ìwé ìtàn-àròsọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tàbí tí ó fi ń dín in kù. A ó wo ohùn òǹkọ̀wé, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, àdàlù èdè àti àkọlé ìwé. A ó sì fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí ó lè fi rí díẹ̀ nínú ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́.

Bí àwọn ìwé náà ṣe dé ọwọ́ òǹkàwé

Àwọn ìwé wọ̀nyí kò fìgbà gbogbo dé ilẹ̀ òkèèrè lódindi. Ní ọdún 1888, Ely Halpérine-Kaminsky àti Charles Morice gbé The Brothers Karamazov jáde ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n wọ́n gé apá púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì tún ìtò rẹ̀ ṣe. Òǹkàwé Faransé tí ó ka ẹ̀dà náà nígbà náà rò pé Dostoevsky ni òun kà, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, àbọ̀ Dostoevsky ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Constance Garnett ni ó ṣí ọ̀nà gbòòrò. Wọ́n bí i ní ọdún 1861, ó sì tó nǹkan bí ọmọ 30 ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Rọ́ṣíà. Kí ó tó kú ní ọdún 1946, ó ti ṣe ògbufọ̀ ìwé bí 70, lára wọn ni iṣẹ́ Turgenev, Tolstoy, Dostoevsky, Chekhov àti Gogol. Anna Karenina tirẹ̀ jáde ní ọdún 1901, War and Peace ní 1904, The Brothers Karamazov ní 1912. Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, jẹ́rìí pé òun kò lè ka War and Peace já títí òun fi rí ẹ̀dà Garnett. Ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì: ìwé kan náà ni, òǹkàwé kan náà ni, aṣògbufọ̀ nìkan ni ó yí padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Louise àti Aylmer Maude, tọkọtaya tí wọ́n gbé ìlú Moscow fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Tolstoy fúnra rẹ̀. War and Peace tiwọn jáde láàárín 1922 sí 1923. Ní ọdún 1990, tọkọtaya mìíràn tún dé, Richard Pevear, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Larissa Volokhonsky, ẹni tí a bí ní Leningrad. The Brothers Karamazov ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí gan-an ní èdè Rọ́ṣíà, ọkọ a sì wá tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gbóná lórí ẹni tí ó sún mọ́ òǹkọ̀wé jù.

Ohùn òǹkọ̀wé

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lórí Garnett ni pé ó na gbogbo òǹkọ̀wé ní aṣọ kan náà. Joseph Brodsky, akéwì ọmọ Rọ́ṣíà, ni a gbọ́ pé ó sọ pé òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín Tolstoy àti Dostoevsky, nítorí pé Garnett ni wọ́n ń kà, wọn kò ka èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Kí a lè mọ ìdí ẹ̀sùn yìí, a ní láti mọ bí Dostoevsky ṣe ń kọ̀wé. Láti ọdún 1866, ó máa ń pe ọ̀pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ lẹ́nu fún Anna Grigoryevna, akọ̀wé tí ó padà di aya rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kún inú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ń sọ ìtàn The Brothers Karamazov jẹ́ ará ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó lójúde, ó ń ṣiyèméjì, ó ń tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń padà. Dmitri ní ohùn tirẹ̀, bàbá wọn tí ń ṣe bí aláwàdà ní tirẹ̀, alàgbà Zosima náà ní tirẹ̀. Èyí ni Mikhail Bakhtin tọ́ka sí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1929, nígbà tí ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ohùn ni ó wà nínú iṣẹ́ Dostoevsky, tí kò sí èyí tí ó bo ìkejì mọ́lẹ̀. Bí aṣògbufọ̀ bá wá fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀mọ̀wé dídán kan náà gbé gbogbo wọn jáde, òǹkàwé yóò rí ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ẹ̀rín inú rẹ̀. Òǹkàwé kò sì ní pẹ́ sọ pé ìwé náà sú òun.

Ti Tolstoy yàtọ̀. Òun a máa tún ọ̀rọ̀ kan náà lò lẹ́ẹ̀kan síi àti lẹ́ẹ̀kan síi, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Anna Karenina, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà tí ó dúró fún ilé àti agbo-ilé ń padà wá láàárín gbólóhùn díẹ̀, bí ẹni pé ilé tí ó dàrú náà ń kan ilẹ̀kùn. A máa ń kọ́ àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n yẹra fún lílo ọ̀rọ̀ kan léraléra, nítorí náà ni àwọn aṣògbufọ̀ kan ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti gbólóhùn dé gbólóhùn. Gẹ̀ẹ́sì wọn dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìlù tí Tolstoy ń lù dákẹ́. Ẹni tí ó ti kọ́ nípa àwítúnwí nínú ewì Yorùbá mọ̀ pé ọnà-èdè ni èyí, pé kì í ṣe àìlọ́rọ̀lẹ́nu.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni ó ń darí ọkàn òǹkàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Notes from Underground, ọkùnrin tí ń sọ ìtàn fi ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà náà, zloy, ṣe àpèjúwe ara rẹ̀. Garnett pè é ní spiteful, Pevear àti Volokhonsky pè é ní wicked. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ó di kùnrùngbùn sínú, tí inú burúkú ara rẹ̀ ń jẹ níyà. Ti ìkejì jẹ́ ẹni ibi. Láti ojú-ewé kìíní ni òǹkàwé ẹ̀dà méjèèjì ti bá ọkùnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rìn lọ.

Orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ. Nínú Crime and Punishment, Rodion Romanovich Raskolnikov ni orúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn. Rodion ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Romanovich túmọ̀ sí ọmọ Roman, Raskolnikov sì ni orúkọ ìdílé. Ìyá rẹ̀ a máa pè é ní Rodya. Sofya Semyonovna ni a ń pè ní Sonya. Nínú The Brothers Karamazov, Dmitri kan náà ni Mitya, òun náà ni Mitenka, òun náà sì ni Mitka. Òǹkàwé tí kò fura lè rò pé ènìyàn mẹ́rin ni.

Àwọn aṣògbufọ̀ kan a máa dín orúkọ wọ̀nyí kù, kí òǹkàwé lè rí ọ̀nà lọ. Ìtàn a rọrùn sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan a sọnù, nítorí pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ̀lára tirẹ̀. Mitenka jẹ́ orúkọ ìkẹ́, Mitka sì lè jẹ́ orúkọ ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú. Ẹni tí ó bá fi orúkọ àti orúkọ bàbá pe ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adébáyọ̀ lè jẹ́ Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tù ú nínú. Bí aṣògbufọ̀ ìwé Yorùbá kan bá yọ Àkànní kúrò, tí ó fi Adébáyọ̀ síbẹ̀, a mọ̀ pé ó ti gba omi ojú ìyá náà mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àwọn orúkọ náà sórí pépà kan, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ léèrè nígbà gbogbo pé: kí ló dé tí ó fi jẹ́ orúkọ yìí ni wọ́n pè é ní báyìí?

Ìlò “o” àti “ẹ”

Èdè Rọ́ṣíà ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹnìkejì méjì: ty, tí a ń lò fún ẹnìkan tí ó sún mọ́ni, àti vy, tí a ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí fún ẹnìkan tí a bọ̀wọ̀ fún tàbí tí ó jìnnà síni. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní you nìkan. Níbi yìí ni ìṣẹ̀lẹ̀ púpọ̀ nínú ìwé Rọ́ṣíà ti ń pòórá níwájú òǹkàwé, nítorí pé ìfẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó parí nígbà tí ẹnìkan bá yí láti ọ̀kan sí èkejì.

Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba wà nínú Anna Karenina. Lẹ́yìn tí Anna ti jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀, Karenin, pé òun fẹ́ràn ọkùnrin mìíràn, ọkọ náà kọ lẹ́tà sí i. Ó yan èdè Faransé fún lẹ́tà náà, ó sì lo vous, nítorí pé vous kò tutù tó vy ti èdè Rọ́ṣíà. Ọkùnrin tí aya rẹ̀ ṣẹ̀ jókòó, ó ń wá ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí yóò gbé e jìnnà sí aya rẹ̀ níwọ̀n tí ó fẹ́. Ìrora àti ìgbéraga rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Òǹkàwé tí kò ní ju you lọ yóò ka gbólóhùn náà bí àlàyé gírámà, yóò sì kọjá.

Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn. Ọkọ tí ó ti ń wí fún ìyàwó rẹ̀ pé “o káre” láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, tí ó wá dé lọ́jọ́ kan tí ó ní “ẹ káàbọ̀, mà”, gbogbo ilé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà o. Ọjọ́ orí àti ipò ni ó ń darí “ẹ” ti Yorùbá jù, ṣùgbọ́n ìjìnnà láàárín ènìyàn méjì tún ń darí vy. Síbẹ̀, ìmọ̀ “o” àti “ẹ” sún mọ́ ohun tí Tolstoy ń sọ ju you lọ.

Àdàlù èdè nínú War and Peace

Èdè Faransé ni ó ṣí ìtàn War and Peace, nínú yàrá àlejò Anna Pavlovna Scherer ní Petersburg, lọ́dún 1805. Àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà ń bú Napoleon, èdè Napoleon ni wọ́n sì fi ń bú u. Ẹ̀gún ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Garnett àti Anthony Briggs, tí tirẹ̀ jáde ní ọdún 2005, tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì. Pevear àti Volokhonsky, ní ọdún 2007, fi Faransé náà sílẹ̀, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé.

Ewo ló dára jù? Ọ̀nà àkọ́kọ́ jẹ́ kí ìtàn ṣàn, kò dá òǹkàwé dúró. Ọ̀nà kejì jẹ́ kí ó rí àfọwọ́fà tí Tolstoy fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò. A lè rò ó wò báyìí: bí eré onítàn Yorùbá kan bá fi ọ̀mọ̀wé tí ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, tí aṣògbufọ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì, yẹ̀yẹ́ náà ti parí. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé Tolstoy fúnra rẹ̀ ni ó yí Faransé inú ìwé náà padà sí Rọ́ṣíà nínú ẹ̀dà ọdún 1873. Òǹkọ̀wé pàápàá mọ̀ pé ohun kan ni a ń sanwó rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá yan ìkejì.

Àkọlé ìwé

Àkọlé ni ẹnu-ọ̀nà ìwé, aṣògbufọ̀ ni ó sì ń ṣí i. Ìwé Turgenev ti ọdún 1862 jẹ́ “Àwọn Bàbá àti Àwọn Ọmọ” ní èdè rẹ̀. Garnett pè é ní Fathers and Children, ṣùgbọ́n Fathers and Sons ni ó gbilẹ̀, ó sì lé àwọn ọmọbìnrin jáde. Ìwé Dostoevsky tí ń jẹ́ Besy ti jẹ́ The Possessed, ó ti jẹ́ The Devils, ó sì ti jẹ́ Demons. Àkọ́kọ́ tọ́ka sí àwọn tí ẹ̀mí gùn, àwọn méjì yòókù tọ́ka sí ẹ̀mí tí ń gun ènìyàn. Ní Yorùbá, aṣògbufọ̀ tí ó bá sáré kọ “Àwọn Èṣù” yóò gbé àríyànjiyàn mìíràn wọlé, nítorí pé Èṣù òrìṣà kì í ṣe Sátánì. “Àwọn Ẹ̀mí Àìmọ́” sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ìtàn àwọn ẹ̀mí tí ó wọ inú agbo ẹlẹ́dẹ̀ nínú Ìwé Ìròyìn Lúùkù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

Crime and Punishment ni ó yani lẹ́nu jù. Crime jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n prestuplenie, ọ̀rọ̀ tí Dostoevsky lò, ní ìgbésẹ̀ nínú: ó jẹ́ gbígbé ẹsẹ̀ ré ààlà kọjá. Gbogbo ìwé náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bi ara rẹ̀ bóyá òun lè ré ààlà náà kọjá kí ohun kan má sì ṣe é. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀: ìrékọjá, tí àwọn tí ó tú Bíbélì sí Yorùbá lò fún rírú òfin. “Ìrékọjá àti Ìjìyà” yóò gbé ẹsẹ̀ inú àkọlé náà jáde ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe lọ.

Ṣé ìtumọ̀ òwuuru ni ó dára jù?

Láti inú ohun tí a ti sọ, ẹnìkan lè rò pé ẹ̀dà tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà ní gẹ́rẹ́ gẹ́rẹ́ ni ó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1964, Vladimir Nabokov tú Eugene Onegin, ìtàn-àròsọ ewì Pushkin, láìwo orin inú rẹ̀, kí ìtumọ̀ má baà yẹ̀. Àlàyé rẹ̀ pọ̀ ju ewì náà lọ. Edmund Wilson bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà ní ọdún 1965, ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ tí ó wà láàárín wọn sì dàrú. Bákan náà ni Gary Saul Morson, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú lítíréṣọ̀ Rọ́ṣíà, kọ̀wé ní ọdún 2010 tako Pevear àti Volokhonsky pé títọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn kìnìkìnì ń pa àwàdà àti ìtumọ̀ òǹkọ̀wé. Ẹ̀dà Garnett, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, ṣì ń ṣàn, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ìwé Rọ́ṣíà.

Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ yìí nílé. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà sí The Forest of a Thousand Daemons ní ọdún 1968, “ẹgbẹ̀rún” tí ó wà nínú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ti Fágúnwà. Òǹkàwé òkèèrè gbádùn ìwé náà, ṣùgbọ́n ohùn tí ó gbọ́, Fágúnwà àti Ṣóyínká ni wọ́n jọ ń sọ ọ́. Bí a kò bá fẹ́ kí àjèjì fi ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì nìkan dá Fágúnwà lẹ́jọ́, kò yẹ kí a fi bẹ́ẹ̀ dá Dostoevsky lẹ́jọ́.

Ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́

Ní àkọ́kọ́, wo orúkọ aṣògbufọ̀ àti ọdún tí ẹ̀dà jáde kí o tó ka ìwé, kí o sì dárúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí o bá kọ. Èkejì, ẹ̀tọ́ àdàkọ ti tán lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àtijọ́, bí i ti Garnett, ìdí nìyí tí wọ́n fi wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg. Fi ojú-ewé kìíní rẹ̀ wé ti ẹ̀dà tuntun kan ní ilé-ìkàwé, kí o sì yan èyí tí etí rẹ gbà. Ẹ̀kẹta, o lè ṣe lámèyítọ́ ìtàn àti èrò inú ìwé láti inú ògbufọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n má ṣe ṣe lámèyítọ́ ọnà-èdè òǹkọ̀wé láti inú rẹ̀.

Ìkádìí

Ẹni tí ó bá fẹ́ tú àwọn ìwé wọ̀nyí sí Yorùbá láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò pàdé you ní gbogbo ojú-ewé, yóò sì ní láti méfò bóyá “o” ni tàbí “ẹ”. Ìdáhùn wà nínú ìwé Rọ́ṣíà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́; Gẹ̀ẹ́sì ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan bá kọ́ èdè Rọ́ṣíà, tí ó sì ṣe iṣẹ́ náà láti orísun, lẹ́tà Karenin sí aya rẹ̀ lè dun ọmọ Yorùbá ju bí ó ti ń dun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Títí di ìgbà náà, kí ẹni tí ìwé Rọ́ṣíà bá sú má tíì dá a padà. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó tú u, kí ó sì wá ẹ̀dà ẹlòmíràn yẹ̀ wò.